Ìtìsẹ̀ Nọ́ńbà Kìn-ín-ní: Bí Ààfin Beijing Ṣe Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkòkò tánganran olówó iyebíye. Àpótí ìtìsẹ̀ kan ni, onípákó, alátẹ̀gùn méjì, nínú gbọ̀ngàn Qianqing ní ààfin àwọn ọba Ṣáínà ní Beijing. Ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1924 ni. Ọ̀kan pe orúkọ nǹkan náà sókè, èkejì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀kẹta kọ nọ́ńbà sórí pélébé ìwé, ẹ̀kẹrin so ó mọ́ ìtìsẹ̀ náà lára. Àwọn agbófinró dúró tì wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ohun tó kàn.

Ohun tó kù láti kà lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìwé ìtàn sọ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá ọdún 1925 ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ààfin, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Gugong, ṣílẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá tọ pinpin ìtàn náà yóò rí i pé orí ìtìsẹ̀ yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dá ilé náà sílẹ̀ kò ní owó, kò sí ìjọba gidi kan lẹ́yìn wọn, ogun sì yí wọn ká. Ohun tí wọ́n ní ni àkọsílẹ̀, àti òfin kan tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: ohunkóhun tó bá ti wà láàfin, ìbáà jẹ́ adé, ìbáà jẹ́ ìgbálẹ̀, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà.

Ọba Yongle ti ìdílé Ming ló kọ́ ààfin náà láàárín ọdún 1406 sí 1420. Ọba 24 ló jẹ níbẹ̀, ti Ming àti ti Qing, mẹ̀kúnnù kan kò sì gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Nígbà tí Puyi, ọba tó kẹ́yìn, fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1912, ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni. Ìjọba olómìnira tuntun bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe àdéhùn: kí ọmọ náà máa jẹ́ oyè rẹ̀ lọ, kí wọ́n máa san mílíọ̀nù mẹ́rin yuan fún un lọ́dún, kí ó sì máa gbé apá ẹ̀yìn ààfin fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún méjìlá.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ààfin ń jò bí ajere. Owó tí ìjọba ṣèlérí kì í pé, nítorí náà àwọn ará ilé ọba ń kó ohun èlò wúrà lọ fi dógò ní báńkì. Àwọn ìwẹ̀fà, irú àwọn tí ààfin Ọ̀yọ́ náà ní láyé àtijọ́, ń fi ọwọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tiwọn jáde, ọjà sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọba fúnra rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Nínú ìwé tí Puyi kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí àbúrò òun, Pujie, bá ń relé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ láàfin, ẹrù kan a máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n pè ní ọrẹ ọba. Ìwé àtijọ́ ni, àwòrán ni, ìwé ọwọ́ àwọn àgbà akọ̀wé ni. Ohun tó bá ọ̀nà yẹn jáde lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Èrò wọn ni pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú, àwọn á rí nǹkan tà jẹ.

Ní ọdún 1923, Puyi ní kí wọ́n lọ ka ohun tó wà nínú ọgbà Jianfu, níbi tí ìṣúra pọ̀ sí jù. Kíkà kò tíì jìnnà tí iná fi sọ níbẹ̀ lóru, lóṣù Kẹfà, ó sì jó gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Puyi fura pé àwọn ìwẹ̀fà ló dáná kí àṣírí wọn má bàa tú, kò sì pẹ́ tó fi lé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Jianfu kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oníṣòwò wúrà kan sanwó kó lè yọ́ eérú ibẹ̀, ọba sì sọ ilẹ̀ náà di pápá tẹ́níìsì. Ó di ọdún 2005 kí wọ́n tó kọ́ ọgbà náà padà tán.

Ọ̀gágun Feng Yuxiang ló fi òpin sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1924 ó dìtẹ̀ gba Beijing, nígbà tó sì di ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e, ó rán Lu Zhonglin lọ sí ààfin pẹ̀lú ìwọ̀nba sójà, kó lọ sọ fún Puyi pé kó kẹ́rù rẹ̀. Àwọn tó wọlé yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó lọ bá èso ápù tí wọ́n ti gé jẹ lórí tábìlì ní Chuxiu, níbi tí olorì rẹ̀ ń gbé. Ìyẹn fi hàn bí wọ́n ṣe kánjú tó. Síbẹ̀, wọn kò kánjú débi pé wọn kò mú nǹkan dání: ìtàn tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ni pé inú ẹrù ibùsùn ọba ni wọ́n ti yọ ìwé ọwọ́ àgbà akọ̀wé Wang Xizhi nípa òjò dídì, ọ̀kan lára àwọn ìwé ọwọ́ mẹ́ta tí ọba Qianlong fẹ́ràn jù lọ láyé rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó gba ààfin náà ni Li Yuying ṣe olórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ti fìgbà kan dá ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe wàrà sílẹ̀ nítòsí Paris. Kò jọ ẹni tí wọ́n máa fi ìṣúra ìdílé Qing sí ìkáwọ́ rẹ̀, bóyá ohun tó jẹ́ kó wúlò gan-an nìyẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Peking ló kó jọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Zhuang Yan wà lára wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí bẹ́ẹ̀. Na Zhiliang tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1925 kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi darúgbó.

Òfin iṣẹ́ náà le bí ojú ẹja. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ iyàrá kan. Aṣọ iṣẹ́ wọn kò ní àpò, wọ́n sì ń fi okùn di ọwọ́ aṣọ náà pinpin kí nǹkan má bàa ráyè wọ ibẹ̀. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá tó yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá kò wá, gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé náà sì padà sílé, nítorí òfin ni òfin. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òtútù Beijing lóṣù yẹn kì í ṣe kékeré, wọn kò sì dáná sínú àwọn gbọ̀ngàn náà. Ẹni tí nǹkan bá ṣèèṣì bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò lè fi òtútù ṣàwáwí.

Láti pín ààfin sí ẹ̀ka, wọ́n mú ìwé kan tí àwọn ọmọdé Ṣáínà fi ń kọ́ ìwé kíkà, èyí tó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan tí kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe orúkọ gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀run", ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bọ́ sí Qianqing lọ́wọ́. "Ilẹ̀", èkejì, di ti Kunning. Nítorí náà ìtìsẹ̀ yẹn ni Ọ̀run, nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ìlànà yìí mọ́gbọ́n dání: ẹnikẹ́ni tó bá rí nọ́ńbà lára ìkòkò kan yóò mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti bá a, kódà bí ìkòkò náà bá ti dé òpin ayé. Òpin ayé yẹn kò sì pẹ́ tó fi dé.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1925, àwọn tó ń kà dé Yangxin, ibi tí Puyi ti máa ń ṣiṣẹ́. Ìwé méjì ni wọ́n bá níbẹ̀ tó yí nǹkan padà. Ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ọba ti "ta Pujie lọ́rẹ", tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ. Èkejì ni lẹ́tà àwọn tó ń gbìmọ̀ pọ̀ láti dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ojú gbogbo wọn là. Bí wọ́n bá fi ààfin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìjọba bá tún yí padà, ọ̀gágun mìíràn lè ní kí Puyi máa bọ̀ nílé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti dí ọ̀nà yẹn: kí ilé náà di ti gbogbo ènìyàn ní kíá, kí mẹ̀kúnnù sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lópin oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fẹnu kò. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, àyájọ́ ìjọba olómìnira, ni wọ́n mú. Li Yuying fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ilé náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà Shenwu.

Tíkẹ́ẹ̀tì yẹ kó jẹ́ yuan kan. Wọ́n dín in sí ìdajì fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Èrò ya bo ibẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ló wọlé láàárín ọjọ́ méjì náà, wọ́n ń ti ara wọn nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí wọn kò kọ́ fún èrò. Púpọ̀ nínú wọn kò wá wo iṣẹ́ ọnà. Ibùsùn ọba ni wọ́n fẹ́ rí.

Kí ilé náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1928, nígbà tí ìjọba tó fi Nanjing ṣe olú ìlú gba Beijing, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba, Jing Hengyi, dábàá pé kí wọ́n tú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ká, kí wọ́n sì ta ohun inú rẹ̀ ní gbàǹjo, nítorí ohun ìní ọba ni, ta ló sì tún nílò ohun ìní ọba? Àwọn tó ti fi ọwọ́ ara wọn ka àwọn nǹkan náà ló dìde, Zhang Ji sì bá wọn gbèjà rẹ̀ nínú ìjọba. Gbàǹjo kò wáyé mọ́. Iṣẹ́ kíkà náà parí sí ìwé àkọsílẹ̀ 28, pẹ̀lú ohun tó lé ní 1,170,000.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931, Japáànù gba àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà. Beijing kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀gá ilé náà nígbà yẹn, Yi Peiji, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ọ̀mọ̀wé kì í mọ ẹrù dì, wọn kò sì tijú láti lọ kọ́ ọ. Wọ́n pe àwọn alágbàṣe tó ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́. Wọ́n tún lọ tú àwọn àpótí tánganran tí wọ́n ti kó wá fún ọba láti Jingdezhen láyé àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, kí wọ́n lè rí bí àwọn alámọ̀ náà ṣe dì í tó fi rin ìrìn àjò jíjìn láìfọ́. Òwú, ìwé àti pòròpórò ìrẹsì ni ọgbọ́n wọn, kí ohun kan má sì fara kan èkejì, kí àpótí má sì ní àyè tí nǹkan fi máa mì. Zhuang Yan ló bójú tó ìlù olókùúta mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ojú ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣí bí èèpo. Wọ́n fi omi rin ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n rọra fi òwú tẹ̀ ẹ́ wọ inú gbogbo ihò àti sísán ara òkúta náà, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì onówùú wé e, wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onípákó nínípọn tí wọ́n fi pòròpórò dí pinpin. Àpótí Gugong nìkan jẹ́ 13,427. Ti àwọn ilé mìíràn tó bá wọn lọ lé ní 6,000.

Àwọn ará ìlú kò fẹ́. Wọ́n ní bí ìjọba bá kó ìṣúra lọ, ìlú ló ń fi sílẹ̀ fún ọ̀tá yẹn, ta ni yóò sì dáàbò bo àwọn? Ó ṣòro láti sọ pé wọn kò ní ẹjọ́ tó tọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1933, wọ́n séde, wọ́n sì fi ọmọlanke kó àpótí 2,118 gba ojú títì tó ṣófo lọ sí ibùdó rélùwéè. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìpín ẹrù márùn-ún ló ti lọ sí ìhà gúúsù.

Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn kan Yi Peiji pé ó jí nínú ohun tó ń ṣọ́. Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, Ma Heng sì bọ́ sípò náà. Yi kú sí Shanghai ní 1937 láìrí àbọ̀ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ onítàn lónìí ló gbà pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ìjà òṣèlú ló wà nídìí rẹ̀. Ìwé 28 tó dáàbò bo àwọn ìkòkò kò dáàbò bo ọ̀gá wọn.

Láti 1935 wọ 1936, ohun 735 láti Gugong lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú àpótí 80, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa kúrò ní Ṣáínà fún àfihàn. Zhuang Yan bá wọn lọ, ó sì bá wọn bọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bọ̀, wọ́n kó wọn sí Nanjing, àmọ́ wọn kò pẹ́ níbẹ̀ tí ogun ńlá pẹ̀lú Japáànù fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1937, àpótí 80 yìí náà ló sì kọ́kọ́ jáde, lọ sí Changsha. Wọ́n gbé wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí Guiyang ní ìbẹ̀rẹ̀ 1938. Ní oṣù Kẹrin, bọ́ǹbù Japáànù bọ́ lu ilé ìkàwé tí wọ́n ti kó wọn sí tẹ́lẹ̀ ní Changsha. Láti Guiyang ni wọ́n ti gbé wọn lọ sínú ihò àpáta kan ní Anshun.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù gba ọ̀nà méjì. Àpótí 9,331 gba orí odò Yangtze dé Chongqing, wọ́n sì já sí Angu lẹ́bàá Leshan, nínú àwọn ilé ìbọ baba ńlá àwọn ará abúlé. Àpótí 7,287 gba ojú irin lọ sí Baoji, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gba orí òkè lọ́nà yìnyín dé Emei. Ìlù olókùúta wà nínú àwọn yẹn. Ọkọ̀ já kòtò, ọkọ̀ dojú dé, ẹrù kò fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín ara wọn pé àwọn nǹkan náà ní ẹ̀mí tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀mí náà kò ṣọ́ gbogbo ènìyàn: ní Chongqing ní 1939, òṣìṣẹ́ kan já sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi lóru nínú òkùnkùn, ó sì kú. Títí ogun fi parí ní 1945 ni wọ́n ń ṣí àpótí síta fún oòrùn kí ikán àti ọ̀rinrin má bàa bà wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń fi ojú ìwé àkọsílẹ̀ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá a padà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ padà sí Nanjing ní 1947 ni ogun abẹ́lé tún gbóná. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1948 àti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, ọkọ̀ mẹ́ta gbé àpótí lọ sí Taiwan: Zhongding gbé 320 ti Gugong, Hai Hu gbé 1,680. Ẹ̀kẹta, Kunlun, ni ìṣòro wà fún. Ìdílé àwọn ọmọ ogun ojú omi ti gbọ́, wọ́n ya wọ inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ológun ojú omi, Gui Yongqing, wá láti lé wọn. Nígbà tó rí ẹkún àwọn obìnrin àti ọmọdé, kò lè lé wọn mọ́, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá àwọn ọ̀gá fún wọn. Àpótí Gugong 972 ló ráyè wọlé, pẹ̀lú díẹ̀ ti àwọn ilé mìíràn. Àpótí 728 kù sí etí odò. Bí ìṣúra kan ṣe wà ní Beijing lónìí tí èkejì rẹ̀ sì wà ní Taipei, nígbà mìíràn, kò ju pé ọmọ ẹnì kan jókòó sí àyè rẹ̀ lọ.

Ma Heng kò bá wọn lọ. Ìjọba Nanjing ní kó kó ohun tó kù ní Beijing fún ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, títí ọ̀nà fi dí. Zhuang Yan àti Na Zhiliang ní tiwọn tẹ̀ lé àpótí kọjá òkun. Ní Taiwan, wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù sí ilé iṣẹ́ ṣúgà kan ní Taichung, lẹ́yìn náà sí Beigou, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lákọ̀tun. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 1965 ni Gugong ti Taipei ṣílẹ̀kùn. Zhuang Yan di igbákejì ọ̀gá níbẹ̀. Ó kú ní 1980 láìfojú kan Beijing mọ́.

Gugong méjì ló wá wà. Ti Beijing rí ọjọ́ búburú tirẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti 1966 títí di 1971. Ó tún rí ọjọ́ dáadáa: ní 1951, ìjọba ra méjì nínú ìwé ọwọ́ mẹ́ta tí Qianlong fẹ́ràn padà láti Hong Kong. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n yọ nínú ẹrù ibùsùn Puyi, wà ní Taipei. Láti 2004 sí 2010, Beijing tún ka gbogbo ohun inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ohun 1,807,558, nítorí lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ka ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ti kà sí pàǹtí tẹ́lẹ̀. Ti Taipei fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000.

Ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní Taipei ṣì ní nọ́ńbà ayé 1925 nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣèwádìí lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé gbọ̀ngàn tó ti jáde ní Beijing. Ní 2009, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn 1949, ni àwọn ọ̀gá ilé méjèèjì bẹ ara wọn wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Beijing yá Taipei ní ohun 37 fún àfihàn nípa ọba Yongzheng. Àfihàn parí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Taipei kò tíì yá Beijing ní ẹyọ kan, nítorí pé kò sí òfin ní Beijing tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé wọ́n á rí i gbà padà.